Ohun Tí À Ń Wá Lọ sí Sókótó: Ìtàn Ìgbì Máíkírówéèfù, Ìtúká Ìgbì àti Rúdurùdu Kúáńtọ̀mù, pẹ̀lú Ẹ̀kọ́ tó Kan Olùkọ́ àwọn Olùkọ́

Àṣàmọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe fi ìgbì máíkírówéèfù, tí a lè fi rúlà wọ̀n, ṣe ìwádìí ohun tí ojú kò lè rí nínú kókó átọ́ọ̀mù. A bẹ̀rẹ̀ láti Kolkata ní ọdún 1895, a gba Copenhagen, Princeton àti Marburg kọjá, a sì wá sí Ilé-Ifẹ̀ àti ìlú Sókótó. Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó la ọ̀nà yìí kò dúró de irinṣẹ́ olówó ńlá. Wọ́n fi ohun tó wà nítòsí ṣe àfiwé ohun tó jìnnà, wọ́n sì mọ ibi tí àfiwé náà parí sí. Èrò wa ni pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní ẹ̀kọ́ ìgbì, kí àwọn náà tó lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

1. Ìfáàrà

Kò sí ọmọ Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ ní ìlú yìí tí àwọn ará ilé kò fi òwe kan dá lára yá: ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àwàdà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ mú òwe náà ní òótọ́ pọ́nńbélé.

Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kí ó bá fóònù níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, orí ìgbì tó ń jì ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 900 tàbí mílíọ̀nù 1,800 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ọ̀rọ̀ wa ti ń gun lọ. Gígùn ìgbì àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 33, ti èkejì sì jẹ́ nǹkan bí 17. Ìgbì inú ààrò máíkírówéèfù tí àwọn kan fi ń gbé oúnjẹ gbóná kúrú díẹ̀ sí i, ó tó sẹ̀ǹtímítà 12. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni gbogbo wọn. Ọwọ́ wa tó wọn, a lè wọ̀n wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jẹ́ ìbátan ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń ríran.

Síbẹ̀, a ti rí akẹ́kọ̀ọ́ fisíìsì tó lè kọ ìṣirò ìgbì sílẹ̀ láìṣì ẹyọ kan, ṣùgbọ́n tí kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ìgbì kankan rí. Bí a bá bi í léèrè ohun tó fà á, ìdáhùn kan náà ni: irinṣẹ́ kò sí. Irọ́ kọ́ ni ìdáhùn náà. Ohun tí a ń bi ara wa ni pé, ṣé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí? Ìtàn tí a fẹ́ sọ yìí fi hàn pé kò parí síbẹ̀.

2. Okùn tó jẹ́ ìbátan ewédú

Láàárín ọdún 1887 sí 1888 ni Heinrich Hertz fi hàn ní Jámánì pé ìgbì iná mànàmáná ń rin inú afẹ́fẹ́ lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí James Clerk Maxwell ṣe ti fi ìṣirò sọ ọ́ ṣáájú. Ìgbì tí Hertz lò gùn, yàrá rẹ̀ sì há fún un. Ẹni tó gé e kúrú jù lọ nígbà náà ni Jagadish Chandra Bose, ọmọ ilẹ̀ Índíà tí wọ́n bí ní ọdún 1858. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Lord Rayleigh ní Cambridge, ó sì di olùkọ́ ní Presidency College ní Kolkata ní ọdún 1885.

Ó yẹ kí àwa olùkọ́ mọ bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Owó oṣù tí ìjọba amúnisìn là sílẹ̀ fún un kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Bose kọ̀ láti gbà á. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ni láìgba kọ́bọ̀, kí wọ́n tó wá san gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe yẹ. Kò sí yàrá ìwádìí tó ṣeé mú yangàn fún un. Yàrá kékeré kan ló lò, oníṣẹ́ páànù ní ìlú náà ló sì ń bá a rọ àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Nínú yàrá yẹn ló ti mú ìgbì jáde tí gígùn rẹ̀ kò ju mílímítà márùn-ún lọ. Ní ọdún 1895, ó fi han àwọn ará Kolkata pé ìgbì tí ojú kò rí yìí ń gba inú ògiri kọjá, tí yóò sì lu aago, tí yóò sì tan ẹ̀tù, ní ìhà kejì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ó ti ń ṣe àlàyé iṣẹ́ náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun méjì nínú iṣẹ́ Bose ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Àkọ́kọ́ ni asẹ́ ìgbì. Ìgbì iná mànàmáná máa ń jì sí ìhà kan, bí okùn tí a dì mọ́ òpó tí a wá ń jù sókè-sódò. Bí a bá fẹ́ mọ ìhà náà, a nílò ohun tí yóò jẹ́ kí ìhà kan kọjá, tí yóò sì dá ìhà kejì dúró. Bose mú ìwé tó fi àkókò ìrìn ọkọ̀ ojú irin hàn, ìyẹn ìwé tó wà lọ́wọ́ gbogbo arìnrìn-àjò, ó sì rí i pé ó lè ṣe asẹ́. Nígbà tó fi bébà onírin tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ náà tún dára sí i.

Èkejì ni okùn. Ní àkókò yẹn, wọ́n ti mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú omi ṣúgà kọjá, ìhà tí ó ń jì sí máa ń yí. Wọ́n fura pé ẹ̀yà ṣúgà gan-an ló lọ́ bí okùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1898, Bose kó okùn jute jọ, ó lọ́ ọ, ó sì gbé e sí ọ̀nà ìgbì máíkírówéèfù rẹ̀. Ìhà ìgbì náà yí. Nígbà tó lọ́ okùn sí apá òdìkejì, ìgbì náà yí sí apá òdìkejì. Ewéko tí wọ́n ti ń rí okùn yìí jẹ́ ìbátan ewédú wa, èyí tí àwọn onílé wa níhìn-ín ń pè ní ayoyo.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tó ṣe. Kò lè mú ẹ̀yà ṣúgà lọ́wọ́, nítorí náà ó wá ohun ńlá tó ní ìwà kan náà. Ìmọ́lẹ̀ kúrú jù fún okùn, ó wá ìgbì tó gùn tó okùn. Bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọgbọ́n yìí ni a óò tún bá pàdé ní Marburg ní ọdún méjìléláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn náà.

3. Ọpọ́n Bohr àti bẹ́ǹṣì àwọn àgbà

Ní ọdún 1934, Enrico Fermi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Róòmù ń fi niútírọ̀n lu kókó átọ́ọ̀mù láti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni à ń pè ní ìtúká: a ju nǹkan sí ohun tí a kò rí, a sì ń wo bó ṣe ta padà, bí ẹni tó ju òkúta sínú kànga òkùnkùn láti mọ bó ti jìn tó. Àwọn onímọ̀ rí ohun ìyanu kan. Niútírọ̀n tó bá dé pẹ̀lú agbára kan pàtó, kókó átọ́ọ̀mù gbé e mì. Èyí tí agbára rẹ̀ fi díẹ̀ yàtọ̀, ó kọjá lọ.

Ní ọdún 1936, Niels Bohr ní Copenhagen fi ohun kan tí ọmọdé lè ṣe ṣàlàyé rẹ̀: àwo pẹrẹsẹ kan tí bọ́ọ̀lù kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ọpọ́n ayò yóò tètè lóye. Bí àwo náà bá ṣófo, bọ́ọ̀lù tí a jù sínú rẹ̀ yóò gba ìhà kan wọlé, yóò sì gba ìhà kejì jáde. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù mìíràn bá kún inú rẹ̀, àlejò náà yóò lu ọ̀kan, ọ̀kan yóò lu òmíràn, gbogbo wọn yóò pín agbára tó gbé wá. Ó máa pẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn tó ní agbára tí yóò fi fò jáde. Kò sí ẹni tó lè tẹ̀lé ìrìn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí a kò bá lè tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ni a óò wá kà? Ní àwọn ọdún 1950, Eugene Wigner, ọmọ ilẹ̀ Hungary tó ń ṣiṣẹ́ ní Princeton ní Amẹ́ríkà, mú àbá kan wá. Ó ní kí a má wulẹ̀ bi ara wa pé ibo ni ìwọ̀n agbára kọ̀ọ̀kan wà. Kí a bi í pé báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Bí nǹkan bá bọ́ sílẹ̀ láìní ètò, bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àyè ńlá yóò sì ṣí sílẹ̀ níbòmíràn. Ìwọ̀n agbára inú kókó átọ́ọ̀mù ńláńlá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sá fún ara wọn, bí àwọn àgbà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ẹnì kan kò fẹ́ fara kan ẹnì kejì. Òfin tí Wigner kọ sílẹ̀ fún àyè tó wà láàárín wọn bá ohun tí àwọn olùwádìí wọ̀n mu dáadáa.

4. Tábìlì tí kò ṣeé sọ àsọtẹ́lẹ̀ lé lórí

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn rò pé ohun tó fa òfin yìí ni pé ohun tó wà nínú kókó átọ́ọ̀mù pọ̀ jù. Ọ̀nà mìíràn ni ìyípadà gbà wọlé, ó sì wá láti orí tábìlì tó dà bí ti súnúkà.

Bí tábìlì bá jẹ́ onígun mẹ́rin, tí kò sì sí ohun kankan lórí rẹ̀, ẹni tó mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe gbéra lè sọ ibi tí yóò wà lẹ́yìn ìlù ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 1970, Yakov Sinai ní Rọ́ṣíà ṣe ìṣirò tábìlì tí ohun roboto kan dúró sí àárín rẹ̀, bí ìgbà tí a da ìkòkò dé sí àárín tábìlì. Bọ́ọ̀lù méjì tí ìgbéra wọn fi ìwọ̀n irun orí kan yàtọ̀ yóò lu ìkòkò náà níbi tó yàtọ̀ díẹ̀, wọn yóò tún jìnnà síra sí i ní ìlù kejì, nígbà tó bá di ìlù kẹwàá, wọn kò mọ ara wọn mọ́. Òfin kò yí padà, síbẹ̀ àsọtẹ́lẹ̀ kò ṣeé ṣe. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní rúdurùdu. Leonid Bunimovich náà fi hàn lẹ́yìn ìgbà náà pé tábìlì tó rí bí pápá ìṣeré eléré sísá, tí ìhà méjì rẹ̀ tọ́ tí orí àti ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ roboto, ń ṣe bákan náà.

Ohun tó wá kù ni pé: bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù ló wà lórí tábìlì bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ ìgbì ńkọ́? Ní ayé ohun kíkíní tí à ń pè ní kúáńtọ̀mù, ìgbì ni ohun gbogbo. Ìgbì tí a há mọ́ inú nǹkan sì ní ohùn tirẹ̀, bí agogo ṣe ní ohùn tó ń dún, tí kò lè dún ní òmíràn. Ní ọdún 1984, Oriol Bohigas, Marie-Joya Giannoni àti Charles Schmit ní Orsay ní ilẹ̀ Faransé fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ohùn tábìlì Sinai. Wọ́n bá òfin Wigner níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì náà, kì í ṣe ogunlọ́gọ̀, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ ń sá fún ara wọn bíi ti kókó átọ́ọ̀mù ńlá. Wọ́n dá a lábàá pé ibikíbi tí rúdurùdu bá wà nínú ìrìn bọ́ọ̀lù, òfin yìí ni a óò bá nínú ohùn ìgbì.

5. Àpótí irin ní Marburg

Àbá kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ta ni yóò fi ọwọ́ ṣe é? Ní ọdún 1990, Hans-Jürgen Stöckmann àti J. Stein ní Yunifásítì Marburg ní Jámánì dáhùn. Wọ́n ṣe àpótí irin pẹlẹbẹ kan, tí gíga inú rẹ̀ kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, wọ́n gé e ní àwòrán àwọn tábìlì tí a ti sọ, wọ́n da ihò kékeré kan sí i lára, wọ́n sì ti ìgbì máíkírówéèfù gba ibẹ̀ wọlé.

Kí nìdí tí àpótí náà fi gbọ́dọ̀ pẹlẹbẹ? Bí gíga rẹ̀ bá kéré sí ìdajì gígùn ìgbì, ìgbì náà kò rí àyè jì láti ìsàlẹ̀ sókè. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló lè rìn. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣirò tó ń darí ìgbì máíkírówéèfù nínú àpótí náà jẹ́ ìṣirò kan náà gẹ́lẹ́ tí Erwin Schrödinger kọ ní ọdún 1926 fún ohun kíkíní tí a há mọ́ inú àyè onírú àwòrán bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yí fíríkúẹ́ńsì padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń wo èyí tí àpótí náà bá gbé mì. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ohùn ni wọ́n kà. Àyè tó wà láàárín àwọn ohùn náà bá òfin Wigner mu. Àpótí irin lórí tábìlì yàrá kan ti sọ̀rọ̀ bíi kókó átọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ náà tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1990 kan náà, Eyal Doron, Uzy Smilansky àti Abraham Frenkel ní Ísírẹ́lì fi ojú ọ̀nà ìgbì sí ara àpótí, kí ìgbì lè wọlé kó sì tún jáde, wọ́n sì fi hàn bí iye tó ń padà ṣe ń lọ sókè-sódò láìní ètò bí fíríkúẹ́ńsì ṣe ń yí. Ìtúká onírúdurùdu nìyẹn, irú èyí tí Torleif Ericson ti fi ìṣirò sọ nípa kókó átọ́ọ̀mù ní ọdún 1960. Ní ọdún 1991, S. Sridhar ní Boston ń fi ohun onírin kékeré kan rìn káàkiri inú àpótí láti ya àwòrán ibi tí ìgbì ti lágbára, àwòrán náà sì fi ojú ipa hàn, níbi tí ìgbì kórajọ sí lójú ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù ì bá máa gbà léraléra. Ní Darmstadt, Achim Richter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ara irin lásán ń mu ìgbì, débi pé àwọn ohùn tó súnmọ́ra ń wọ ara wọn. Ní ọdún 1992, wọ́n fi irin niobium ṣe àpótí tiwọn, wọ́n mú un tutù dé ibi tí irin náà kò fi ní agbára ìdènà iná mọ́, ohùn kọ̀ọ̀kan sì dá dúró ketekete.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ìgbésẹ̀ kan péré wá ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti mú nínú yàrá ti rí nǹkan yìí rí. Ìgbì GSM ń lu ògiri, páànù òrùlé àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin, ó ń pàdé ara rẹ̀, níbì kan wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọ́n pa ara wọn. Bí ìgbì bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 17, sísún fóònù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ tó láti yí ọ̀rọ̀ padà. Yàrá wa jẹ́ ìbátan àpótí Marburg.

6. Òjò Ilé-Ifẹ̀, eruku Sókótó

Kì í ṣe òkè òkun nìkan ni wọ́n ti fi ìgbì máíkírówéèfù ṣe ìwádìí ìtúká. Ilé-Ifẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìtàn yìí.

Ní ọdún 1908, Gustav Mie ní Jámánì ti ṣe ìṣirò bí ohun roboto ṣe ń tú ìgbì ká. Ẹ̀kán òjò jẹ́ ohun roboto, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà kan sí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ìgbì tó kúrú máa ń sọ agbára nù nínú òjò. Kí a tó lè mọ bí yóò ti sọnù tó, a ní láti mọ iye ẹ̀kán ńlá àti kékeré tó wà nínú òjò. Òfin tí ayé ń lò ni èyí tí J. S. Marshall àti W. M. Palmer rí láti inú òjò Kánádà ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n òjò Kánádà kì í ṣe òjò Ifẹ̀. Ní ọdún 1985, G. O. Ajayi ti Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú R. L. Olsen láti Kánádà, tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n gbé ka ìwọ̀n ẹ̀kán òjò tó rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n fi hàn pé òfin mìíràn ló bá òjò ilẹ̀ olóoru mu. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣètò ìgbì ní ilẹ̀ olóoru, nílé àti lẹ́yìn odi, ti ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ajayi náà ló wá di olùdarí àgbà àkọ́kọ́ fún NITDA, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2001. A kò gbọ́dọ̀ fojú kéré ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: kò sí ẹni tó lè bá wa wọn òjò wa láti ìlú mìíràn.

Ní Sókótó, òjò kò tó bẹ́ẹ̀. Eruku ọyẹ́ ni tiwa. Ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, ó máa ń bo ìlú débi pé a kì í rí ilé tó wà ní òpin òpópónà. Síbẹ̀ a ń pe fóònù, ó sì ń wọlé. Kí ló dé? Ọ̀pọ̀ hóró eruku tó ń léfòó yìí kò ju ìdá díẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà kan lọ. Gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ súnmọ́ ìwọ̀n yẹn, nítorí náà eruku ń tú u ká, ojú wa sì ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ìgbì fóònù fi ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún gùn ju hóró eruku lọ. Ó kọjá lára rẹ̀ bí ìgbì òkun ṣe ń kọjá lára igi ìpàkó tó dúró nínú omi. Lord Rayleigh, olùkọ́ Bose, ló fún wa ní òfin tó sọ bí ìtúká ṣe ń dínkù bí ìgbì bá ṣe ń gùn sí i. Ọmọ tó bá ti rí ọyẹ́ ní Sókótó ti rí òfin Rayleigh. Olùkọ́ ló kù tí yóò fi hàn án pé ó ti rí i.

7. Ibi tí àfiwé parí sí

A kò ní jẹ́ olóòótọ́ bí a bá dúró síbí. Òòbẹ̀ kì í ṣe àdàn. Okùn jute kì í ṣe ṣúgà, àwo Bohr kì í ṣe kókó átọ́ọ̀mù, àpótí Marburg kì í ṣe ayé kúáńtọ̀mù. Ìṣirò kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Nínú àpótí, ìgbì náà jẹ́ agbára iná mànàmáná tí a lè wọ̀n ní tààrà. Nínú átọ́ọ̀mù, ohun tí ìgbì náà ń sọ ni bó ti ṣeé ṣe tó láti bá ohun kíkíní náà níbì kan. Bí a bá gbé àpótí náà ga ju ìdajì gígùn ìgbì lọ, àfiwé náà dà wó. Ara irin ń mu ìgbì, wàhálà tí àwọn ará Darmstadt sì ṣe nítorí rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti gbọ́ tí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé iná mànàmáná dà bí omi inú páìpù, tó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ọmọ náà yóò wá máa rò pé bí a bá gé wáyà, iná yóò dà sílẹ̀. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ṣe ohun mẹ́ta: ó ń sọ ohun tí nǹkan méjì fi jọra, ó ń sọ ìdí tí wọ́n fi jọra, ó sì ń sọ ibi tí ìjọra náà parí sí. Ẹni tó fo ẹ̀kẹta ti kọ́ ọmọ ní àṣìṣe.

8. Ohun tó kan àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́

Kò sí ẹni tó ń retí kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ra irin niobium. Ṣùgbọ́n ohun púpọ̀ nínú ìtàn yìí ló ṣeé fi ọwọ́ ṣe níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú iyanrìn. Ní ọdún 1787, Ernst Chladni ní Jámánì tẹ ìwé kan jáde, ó ṣàlàyé níbẹ̀ bó ṣe da iyanrìn sórí páànù tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì fi ọrun gòjé fa etí rẹ̀. Iyanrìn náà sá kúrò níbi tó ń gbọ̀n, ó tò sí ibi tí kò gbọ̀n, ó sì ya àwòrán. Ìgbì adúró nìyẹn, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú àpótí Marburg. Iyanrìn kò wọ́n ní Sókótó. Páànù pẹlẹbẹ kan, agbóhùnsókè tí a yọ lára rédíò àtijọ́, àti fóònù tó lè mú ohùn jáde ní fíríkúẹ́ńsì tí a bá fẹ́ ti tó. Kí a gé páànù kan ní onígun mẹ́rin, kí a gé èkejì ní àwòrán pápá eléré sísá, kí a sì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè èyí tí ìlà rẹ̀ létò àti èyí tí ìlà rẹ̀ lọ́.

Èkejì ni fóònù. Bí a bá fi bébà onírin tí àwọn obìnrin fi ń wé mọ́ínmọ́ín wé fóònù dáadáa, ìpè kò ní wọlé mọ́. Bí a bá ṣí i díẹ̀díẹ̀, ìgbà kan ń bọ̀ tí yóò tún wọlé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn àyè tó ṣí náà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì fi wé gígùn ìgbì. Níbi tí ààrò máíkírówéèfù bá wà, kí a yọ àwo tó ń yí nínú rẹ̀ kúrò, kí a tẹ́ bọ́tà tín-ínrín sórí àwo mìíràn, kí a sì wọn àyè tó wà láàárín ibi tó kọ́kọ́ yọ́. Yóò tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ìyẹn ìdajì gígùn ìgbì. Bí ọmọ náà bá ṣe ìlọ́po rẹ̀, tó sì fi fíríkúẹ́ńsì tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ṣe ìsọdipúpọ̀, yóò rí iye tó súnmọ́ ìyára ìmọ́lẹ̀. Ó fi rúlà àti bọ́tà wọn ìmọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni èdè. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì wọn kò bàjẹ́. Nígbà tí a ń kọ iṣẹ́ yìí, a kò rí ọ̀rọ̀ tó dára fún rúdurùdu nínú ìwé fisíìsì kankan. Inú ọjà ni a ti mú un. Ó yẹ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń sọ Hausa ṣe tiwọn, kí a sì jókòó papọ̀ wo ohun tí èdè kọ̀ọ̀kan rí tí èkejì kò rí.

9. Ìgúnlẹ̀ àti àbá

A ti rí i pé láti Kolkata dé Marburg, ọgbọ́n kan ló ń ṣiṣẹ́: kí a wá ohun tí ọwọ́ tó, tí ìwà rẹ̀ bá ti ohun tí ọwọ́ kò tó mu. A rí i pé Ilé-Ifẹ̀ wọn òjò tirẹ̀, tí ayé sì gbà á. Àbá wa nìwọ̀nyí:

1. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fisíìsì NCE kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn gígùn ìgbì kan, ó kéré tán, kí ó tó lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́.

2. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní àpótí àfiwé tirẹ̀, tí a fi ohun inú ọjà ṣe, pẹ̀lú ìwé tó sọ ibi tí àfiwé kọ̀ọ̀kan parí sí.

3. Kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì jọ máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìgbì ní Yorùbá, Hausa àti Ígbò.

4. Kí a má tìtorí àbá wọ̀nyí jẹ́ kí àwọn tó yẹ kó ra irinṣẹ́ sá fún ojúṣe wọn. Bose ṣiṣẹ́ láìgba owó fún ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò dẹ́kun láti máa bèèrè fún un.

Irinṣẹ́ tí à ń retí yóò dé lọ́jọ́ kan, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kí ó tó dé, ọmọ tó wà ní kíláàsì lónìí yóò ti jáde, yóò sì ti ní kíláàsì tirẹ̀. A ti dé Sókótó. Ẹ jẹ́ kí a ki ọwọ́ bọ àpò.